Ta Ló Wá Dá Papa? Ọpẹ́ 50 Ọdún

Ẹ bá mi gbé Olúwa ga! Ẹ̀yin ará, ọpẹ́ tèmi ti pẹ́ nílẹ̀. Ó pé 50 ọdún lóṣù yìí tí ọkọ̀ ojú omi kó èmi àtàwọn òbí mi kúrò ní Malabo, tí a gúnlẹ̀ sí Calabar láàyè.

Àwọn àgbà á rántí Fẹnandó Pò, tí wọ́n tún ń pè ní Panya, erékùṣù tí Malabo wà lórí rẹ̀, ní orílẹ̀-èdè Equatorial Guinea. Télọ̀ ni bàbá mi níbẹ̀, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ oko kòkó ló ń ránṣọ fún. Ọmọ Nàìjíríà ló pọ̀ jù nínú wọn, pàápàá àwọn Ìgbò àtàwọn ará Calabar; àwa Yorùbá ò tó nǹkan. Nígbà tí Spéènì gbé ìjọba sílẹ̀ ní 1968, Macías Nguema di ààrẹ. Ní 1972 ó ní òun ni ààrẹ títí láé. Ní 1973 ó fi orúkọ ara rẹ̀ sọ erékùṣù náà.

Wọ́n gbé fọ́tò rẹ̀ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Dandan ni kí fádà kéde pé ọpẹ́lọpẹ́ Papa Macías ni Ọlọ́run fi rí orílẹ̀-èdè náà dá. Àní ọpẹ́lọpẹ́ ẹlẹ́ran ara! Kódà ó fòfin de ọ̀rọ̀ náà “intelectual”, ìyẹn ọ̀mọ̀wé lédè Spéènì. Ẹ lè rẹ́rìn-ín o. Nígbà yẹn, ta ló jẹ́ rẹ́rìn-ín?

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí. Lọ́jọ́ Ìsinmi kan, bí fádà ti sọ gbólóhùn yẹn tán, mo ní: “Màámi, ta ló wá dá Papa?” Àtẹ́lẹwọ́ ni màámi fi bò mí lẹ́nu, mi ò rí èémí mí, ni mo bá gé e jẹ. Ẹ̀jẹ̀ kán sára ìró rẹ̀, síbẹ̀ kò yọwọ́. Ọkùnrin tó jókòó níwájú wa yíjú padà, ó wò wá, ó kọjú síwájú.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko la fi ń wọ bàtà sùn. Wọ́n ti wá mú ará ilé kejì wa lóru rí. Ìyàwó rẹ̀ ò béèrè ibi tí wọ́n mú un lọ, torí ẹni tó bá béèrè ló kàn. Bí mọ́tò bá ti ń bọ̀, màámi á máa ka Sáàmù 91. Ẹ ò ní gbọ́ ohùn, ètè nìkan lẹ máa rí.

Kò sẹ́ni tó kanlẹ̀kùn. Ọkùnrin yẹn ò sọ ọ́. Mi ò mọ orúkọ rẹ̀, mo ń gbàdúrà fún un dòní.

Nígbà tí ìyà àwọn òṣìṣẹ́ oko kọjá sísọ, ìjọba Nàìjíríà kó àwọn èèyàn rẹ̀ kúrò, ó ju 20,000 lọ. Orí ẹ̀rọ ìránṣọ bàbá mi, tí a fi aṣọ wé, nìkan la gbé wálé. Wọ́n gbàjọba lọ́wọ́ Macías ní 1979, wọ́n sì yìnbọn pa á. Mi ò jó sí i.

Ọdún mọ́kànlá rèé tí màámi ti sùn nínú Olúwa. Èmi ni mo wẹ̀ ẹ́. Àpá eyín mi ṣì wà nísàlẹ̀ àtàǹpàkò rẹ̀.