Dírílì tó ń jó
Mo dé ọjà Òwòdé Onírin l'Ékòó láàárọ̀ yìí torí dírílì orí tábìlì kan tí mo fẹ́ gbé sí ṣọ́ọ̀bù ẹ̀yìnkùlé mi. Tòkunbọ̀ ni, ọ̀dà rẹ̀ ń dán.

Ẹni tó ń tà á ní, "Ọ̀gá mi, bíi tuntun ni!"

Mo ki bíìtì, irin tó ń lu ihò, bọ̀ ọ́ lẹ́nu, mo fọwọ́ yí i díẹ̀díẹ̀. Ẹnu bíìtì ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ bí ẹni tó mu ẹmu yó. Ihò tí irú ẹ̀ bá lu á fẹ̀ ju bíìtì lọ. Bẹ́líìtì ẹ̀ ṣì dáa o, mi ò ní purọ́. Àmọ́ mo ka ara mọ́tò: iná 110 fólítì ló ń lò. Iná tiwa, 230! Á sun mọ́tò ẹ̀. Èéfín ni ǹ bá rà.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi wá èyí tí kì í jó." Ó bú sẹ́rìn-ín. Bíìtì mẹ́ta ni mo rà bọ̀.