Súwẹ́tà tí ọmọ náà so mọ́ ìbàdí

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ń kọ́ ọmọ ní eré ìdárayá, ó pé ọdún 15 báyìí tí mo ti ń kó àwọn ọmọbìnrin jáde láràárọ̀ Sátidé, láti Èbúté Mẹ́ta dé etí ọ̀sà ní Àkọkà. Lóṣù tó kọjá, mo gbọ́ tí ọ̀kan nínú yín ń jágbe mọ́ ọmọ kan tó jókòó sábẹ́ igi pé ọ̀lẹ ni. N kò lè sùn lálẹ́ ọjọ́ náà.

Èkíní, ẹ tètè máa jáde. Tí aago mẹ́sàn-án bá fi máa lù, oòrùn Èkó kò ní jẹ́ kí ẹ gbádùn.

Èkejì, ẹ bá ìyá wọn sọ̀rọ̀. Ọ̀pọ̀ wọn ló gbà pé ọmọbìnrin tó ń sáré kiri á dúdú, iṣan á yọ lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ọkọ á wọ́n ọn. Ẹ má bá wọn jà, ẹ ní kí wọ́n tẹ̀ lé yín lẹ́ẹ̀kan. Ìyá kan wá wo ọkọ̀ àwọn apẹja pẹ̀lú wa lórí ọ̀sà, ọdún méjì gbáko ló fi ń bá wa rìn.

Ẹ̀kẹta ni pé kí ẹ wádìí kí ẹ tó pe ọmọ lọ́lẹ.

Lọ́dún 2019, Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé e jáde pé nínú 100 ọmọbìnrin tó wà láàárín ọdún 11 sí 17, àwọn 85 ni kì í fi ìrìn, eré tàbí iṣẹ́ lo ara wọn tó. Tọkùnrin jẹ́ 78. Ìṣẹ́jú 60 lójúmọ́ ni wọ́n ní ó yẹ wọ́n. Mo há a sórí. Kò sí ìpàdé òbí tí n kò ti kà á, mo sì rò pé mo ti mọ àwọn ọmọ mi tán.

Lóṣù kejì ọdún 2020, mo kó 24 nínú wọn lọ sí ọgbà Lekki, níbi tí afárá orí igi tó gùn tó mítà 401 wà. Ọ̀kan nínú wọn, ọmọ ọdún 14, èyí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yá jù, tó máa ń ṣáájú gbogbo wa dé Àkọkà, kọ̀ kò gòkè. Ó so súwẹ́tà mọ́ ìbàdí nínú ooru yẹn, ó fẹ̀yìn ti igi. Ó ní, "Ántì, ẹ jọ̀ọ́, inú ń run mí." Mo ní irọ́ ni, ẹ̀rù ló ń bà á. Mo fà á dìde, mo ní kó tú súwẹ́tà náà kó lè rìn dáadáa. Ó fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú. Mo tú u fúnra mi.

Ṣòkòtò funfun ni wọ́n wọ̀. Èmi ni mo yan funfun. Ẹ̀jẹ̀ ti rin ín dé itan.

Àwọn tó wà lórí afárá dákẹ́. Ọ̀bọ nìkan ló ń pariwo lókè. Ọmọ náà kò sunkún. Ó gba súwẹ́tà lọ́wọ́ mi, ó tún un so, ó ta á ní kókó méjì. Fèrè wà nínú báàgì mi, bándéèjì wà, gúlúkóòsì wà, kò sí páàdì kan ṣoṣo. Láti Lekki dé Èbúté Mẹ́ta, ìdúró ló wà nínú bọ́ọ̀sì.

Mo lọ sílé wọn lẹ́ẹ̀mejì. Ìyá rẹ̀ ní kò sí nílé, bẹ́ẹ̀ bàtà tó fi ń bá wa rìn wà lẹ́nu ọ̀nà. Lóṣù kẹta, kòrónà ti ilé ẹ̀kọ́ pa. Nígbà tí a padà, àwọn yòókù ń yọjú lọ́kọ̀ọ̀kan. Òun kò wá mọ́.

Mo ní kí ọ̀gá tó wà lórí wa nígbà náà bá wa ra páàdì. Ó ní bọ́ọ̀lù ni owó eré wà fún. Inú ṣì ń bí mi sí i, ṣùgbọ́n ọwọ́ tèmi ló tú súwẹ́tà.

Ẹ jọ̀ọ́, ọmọ tó bá ní inú ń run òun, ẹ jẹ́ kó jókòó, kí ẹ sì jókòó tì í. Ẹ má bi í ní ìbéèrè kankan lójú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ṣòkòtò dúdú là ń wọ̀ báyìí. Àpò kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kúlà omi, páàdì ló kún inú rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kì í tọrọ, ṣe ló ń mú un.