Elégédé mi tanná tanná, kò so: ẹ̀kọ́ tí oyin àti ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé kọ́ mi

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jẹ́ n sọ bí mo ṣe fi ọwọ́ ara mi ba ọgbà mi jẹ́, bóyá ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ò ní í ṣe irú ẹ̀. Télọ̀ ni mí, Àkóbọ̀ n'Ìbàdàn ni mò ń gbé, ilé rẹ́ǹtì ni, ẹ̀yìnkùlé wa ò ju ibi tí èèyàn lè páàkì mọ́tò méjì sí lọ. Ọdún kòrónà yẹn, 2020, tí ẹnikẹ́ni ò gbé aṣọ wá fún mi rán, ni mo gbin elégédé, ilá, tòmátì àti ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ sẹ́yìn ilé. Àwọn yòókù ń gbìyànjú. Elégédé ló fẹ́ sọ mí di wèrè.

Ó fà títí, ó gun fẹ́ńsì, ó kọjá sọ́dọ̀ aládùúgbò, a jẹ ẹ̀fọ́ gbọ̀rọ̀ títí àwọn ọmọ fi ní àwọn ò fẹ́ rí i mọ́. Ó tanná yẹ́lò káàkiri. Àmọ́ èso dà? Ẹ máa rí ọmọ kékeré kan lábẹ́ òdòdó, kò ju àtàǹpàkò lọ, inú yín á dùn, tó bá fi máa di ọjọ́ kẹrin ó ti rọ, ó ti já bọ́. Mo ka mọ́kànlá kó tó sú mi. Mo ní ayé ni. Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín o, mo sọ fún ọkọ mi pé obìnrin kan ládùúgbò máa ń wo elégédé yẹn jù.

Màmá mi ló wá kí wa láti Ìsẹ́yìn. Aago méje ò tíì lù láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo bá wọn nídìí elégédé, wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n ń yọjú sínú òdòdó lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ní, "Àṣàkẹ́, oyin dà níbí?" Mo ní oyin kẹ̀, Màmá? Wọ́n ní, "Láti ìgbà tí ilẹ̀ ti mọ́ ni mo ti dúró síbí, eṣinṣin nìkan ni mo rí."

Ojú tì mí torí mo mọ ibi tí oyin lọ. Kòkòrò pupa kan wà tó ń jẹ ewé elégédé ní ihò-ihò, torí ẹ̀ mo máa ń po òtapíápíá mọ́ omi, màá fín in láàárọ̀ kí n tó jókòó sídìí máṣíìnì, àtewé àti òdòdó. Àárọ̀ yẹn gan-an sì ni òdòdó elégédé máa ń ṣí. Ìdájí ló ń ṣí, kí ọ̀sán tó pọ́n ó ti pa dé, kò tún ní í ṣí mọ́ láyé. Wákàtí díẹ̀ yẹn ni oyin ní láti bá a ṣiṣẹ́, wákàtí yẹn náà ni èmi ń da májèlé sí wọn lórí.

Màmá wá fi hàn mí, torí mi ò mọ̀ rárá. Akọ òdòdó wà, abo wà, orí ìtàkùn kan náà ni wọ́n wà. Abo ni èyí tó gbé elégédé kékeré sábẹ́, akọ ò ní nǹkan kan ju igi tẹ́ẹ́rẹ́ lọ. Ìyẹ̀fun yẹ́lò tó wà nínú akọ gbọ́dọ̀ dé inú abo, afẹ́fẹ́ ò sì lè gbé e torí ó ń lẹ̀ mọ́ nǹkan, oyin ló ń fi ara rù ú kiri. Bí kò bá dé, ọmọ yẹn á rọ ni. Ẹ̀gúsí bẹ́ẹ̀, kùkúńbà tí wọ́n ń tà lójú títì náà bẹ́ẹ̀. Màmá já akọ kan, wọ́n ya ewé òdòdó ẹ̀ kúrò títí tó fi ku igi àárín, wọ́n fi ra inú abo mẹ́ta jẹ́jẹ́, bí ẹni ń fi òwú nu etí ọmọ. Méjì nínú mẹ́ta yẹn ló dúró tó di elégédé gidi. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ obìnrin yẹn nínú ọkàn mi.

Ẹ lè máa fọwọ́ ṣe é báyẹn bí oyin ò bá tíì dé, kò burú. Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ máa jí láago mẹ́fà ààbọ̀ lójoojúmọ́ ṣe alárenà fún elégédé?

Mo kó òtapíápíá dà nù. Ìgò kékeré DDVP yẹn, ìyẹn kẹ́míkà inú òtapíápíá, èyí tó jẹ́ 100ml sísàlẹ̀, NAFDAC ti ní kí wọ́n má tà á mọ́ láti 2019 torí ẹ̀mí èèyàn tó ń bá a lọ, èmi ń fín in sórí ẹ̀fọ́ tí mo máa sè lọ́jọ́ kẹta. Ohun tí mò ń ṣe báyìí ni pé mo máa ń fọwọ́ ṣa kòkòrò pupa yẹn láàárọ̀ nígbà tí òtútù ò tíì jẹ́ kó lè fò, màá jù ú sínú omi ọṣẹ. Bó bá pọ̀ jù, màá gún ewé dongóyárò, màá rẹ ẹ́ mọ́jú, màá sẹ́ ẹ, màá po ọṣẹ díẹ̀ mọ́ ọn, ìrọ̀lẹ́ ni màá wá fín in nígbà tí oyin ti lọ sùn, ewé nìkan, mi ò ní í kan òdòdó. Kì í pa wọ́n lójú ẹsẹ̀ bíi kẹ́míkà, mi ò ní í parọ́ fún yín. Díẹ̀ nínú ewé mi ṣì ń ní ihò. Mo ti gbà bẹ́ẹ̀.

Mo rò pé bí mo ṣe dáwọ́ dúró yẹn, oyin á rọ́ dé. Wọn ò dé o. Kí ni wọ́n fẹ́ wá jẹ? Gbogbo ohun tó ń hù tí kì í ṣe ọbẹ̀, mo ti ro ó dànù. Ẹfinrin kan ṣoṣo tí mo ní, ojoojúmọ́ ni mò ń já a lórí kó má baà tanná, torí wọ́n ní tó bá ti tanná ewé ẹ̀ ò ní í ta sánsán mọ́. Ìgbà tí mo rìnrìn-àjò ọ̀sẹ̀ méjì ni ẹfinrin yẹn ráàyè. Mo dé, mo ń gbọ́ hùn-ùn-ùn létí fèrèsé kíṣìnnì, mo rò pé fíríìjì ni, àṣé iná ò tiẹ̀ sí. Oyin ló bo ẹfinrin lórí. Mo fi í sílẹ̀ láti ọjọ́ náà. Ìdí ẹfinrin mẹ́ta ni mo ní báyìí, ọ̀kan la ń já jẹ, méjì tó kù, ti oyin ni. Ewúro náà, ẹ fi ẹ̀ka kan sílẹ̀ kó tanná funfun yẹn, ẹ ó rí ohun tó máa ṣẹlẹ̀.

Òdòdó yẹ́lò ńlá tó máa ń kún ẹ̀gbẹ́ títì n'Ìbàdàn tí òjò bá ti ń lọ sópin, tí àwọn kan ń pè ní agbálẹ̀, mo gé igi ẹ̀ kan, mo gún un mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fẹ́ńsì, ó hù. Oyin fẹ́ràn ẹ̀ gan-an. Ohun tó tún dáa lára ẹ̀ ni pé ewé ẹ̀ máa ń jẹrà kíákíá, ó sì ń fún ilẹ̀ lóúnjẹ, mo máa ń gé e da sídìí tòmátì. Ẹ kàn má jẹ́ kó gba gbogbo ilẹ̀ mọ́ yín lọ́wọ́, ọlọ́tẹ̀ ni.

Omi náà ńkọ́? Mo máa ń bá oyin mẹ́rin márùn-ún tó kú sínú bààfù tí mo fi ń gbe omi òjò, mi ò kà á sí. Òùngbẹ ló ń gbé wọn wá, wọn ò sì rí ibi tẹsẹ̀ lé. Mo fi ọmọrí ìkòkò àtijọ́ kan gbe omi, mo to òkúta wẹ́wẹ́ sínú ẹ̀ kí orí òkúta yọ síta, mo sì fi nǹkan bo bààfù. Ẹ máa pààrọ̀ omi yẹn lójoojúmọ́ àbí ọjọ́ méjì-méjì o, ẹ̀fọn ò ní sùúrù.

Ilẹ̀ wá ni ọ̀rọ̀ tó gùn. Wọ́n kọ́ wa láti kékeré pé ọmọ gidi máa ń gbálẹ̀ ẹ̀yìnkùlé lówùúrọ̀ títí tí ìlà ìgbálẹ̀ á fi hàn lára ilẹ̀, èmi sì mọ̀ ọ́n gbá o! Màá kó ewé máńgòrò jọ, Sátidé màá sun ún. Ilẹ̀ mi wá le bíi sìmẹ́ńtì, òjò tó bá rọ̀ á kàn sáré lọ sí gọ́tà, ọkọ́ á máa dún káń. Mo wá ń ra ilẹ̀ dúdú nínú àpò, ní owó mi, mo sì ń sun ohun tí ì bá di ilẹ̀ dúdú fún mi lọ́fẹ̀ẹ́. Màmá ní, "Ṣé o ò rántí ààtàn ilé wa ni?" Mo rántí. Kò sẹ́ni tó gbin nǹkan kan síbẹ̀ rí, elégédé àti tòmátì ibẹ̀ ò sì lẹ́gbẹ́.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe dá ààtàn sílẹ̀ nínú ìlú, mo sì kọ́kọ́ fi ìwàǹwára ṣe é. Ẹnì kan fún mi ní ìgbẹ́ adìyẹ tútù àpò kan, mo dà á sídìí tẹ̀tẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ọ̀sẹ̀ kan ò pé, tẹ̀tẹ̀ ti gbẹ bí ẹni da omi gbígbóná lé e. Ìgbẹ́ adìyẹ tútù máa ń jó nǹkan ọ̀gbìn, ẹ jẹ́ kó jẹrà fún bí oṣù mẹ́ta kẹ́ ẹ tó lò ó. Mo tún kó èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti pàǹtí ẹ̀fọ́ jọ síbì kan láìpo nǹkan gbígbẹ mọ́ ọn, ó rùn débi pé lánlọ́ọ̀dù wá bi mí bóyá nǹkan kú sẹ́yìn ilé. Ewé gbígbẹ ló ń gbà á sílẹ̀. Tẹ́ ẹ bá da bọ́kẹ́ẹ̀tì pàǹtí tútù kan, ẹ da ewé gbígbẹ méjì lé e, ẹ máa fi ṣọ́bìrì yí i ní ọ̀sẹ̀-ọ̀sẹ̀. Ẹ bù ú, ẹ fún un lọ́wọ́: tó bá ń kán tótó omi ti pọ̀ jù, tó bá tú ká bí eruku ẹ wọ́n omi sí i. Ẹran, ẹja àti ọbẹ̀ olóròóró, ẹ má dà á síbẹ̀, àfi tẹ́ ẹ bá fẹ́ máa sin èkúté.

Torí pé télọ̀ ni mí, mo tún da gígékù aṣọ sí i. Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn ẹ̀ tí mo tú u, gígékù ańkárá olówùú ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹrà tán, àmọ́ òwú ìránṣọ wà níbẹ̀ gbọingbọin, lẹ́ẹ̀sì kan sì ń dán bí ọjọ́ tí wọ́n rà á. Mo ṣà wọ́n títí ẹ̀yìn fi dùn mí.

Ewé máńgòrò yòókù, mo kàn ń tẹ́ ẹ sórí ilẹ̀ ni, mo máa ń fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ nídìí igi kó má baà jẹrà. Àwọn aládùúgbò ní ejò á wọlé. Ejò ò wọlé, ekòlò ló wọlé. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ gbé ewé kan sókè tí mo rí i tó ń yí, mo pe àwọn ọmọ kí wọ́n wá wò ó bí ẹni rí àlejò láti òkè òkun. Nígbà ọyẹ́, ibi tí ewé bò, ọjọ́ mẹ́ta-mẹ́ta ni mò ń bomi rin ín, ibi tó wà ní ìhòòhò, ojoojúmọ́ ni.

Ẹ jẹ́ n sọ ti tòmátì díẹ̀. Oyin tó ń ṣe oyin tí à ń lá kì í rí ti òdòdó tòmátì ṣe dáadáa, torí inú àpò kékeré kan ni ìyẹ̀fun ẹ̀ wà, àfi kí nǹkan gbọ̀n ọ́n kó tó dà jáde. Oyin dúdú ńlá yẹn tó máa ń gbẹ́ ihò sára igi òrùlé, tí mo ti ń fi ìgbálẹ̀ lé láti ọjọ́ yìí wá, òun ló mọ̀ ọ́n gbọ̀n. Tó bá bà lé òdòdó, ohùn ẹ̀ á yí padà, á dún bíi fóònù tó wà lórí fáíbírétì. Mo gbé ìtì igi gbígbẹ kan kalẹ̀ fún un lẹ́yìn, bóyá á fi òrùlé sílẹ̀. Ó ṣì ń lọ síbi méjèèjì.

Ẹ̀rù oyin náà tọ́, mi ò ní kẹ́ ẹ máa bá wọn ṣeré. Oyin ilẹ̀ wa máa ń bínú, ẹ má gbé ilé oyin sínú kọ́ńpáǹdì tó há o. Ọdún tó kọjá, ọ̀wọ́ oyin kan ṣù mọ́ igi máńgòrò ẹ̀yìn wa bí àpò gàrí. Bàbá Ṣadé ti gbé pẹtiróòlù jáde. Mo bẹ̀ wọ́n pé, "Ẹ dákun sà, ẹ ṣe sùúrù, kí iná má baà mú ilé." A kó àwọn ọmọ wọlé, a ò tan jẹnẹrétọ̀ torí ariwo ẹ̀ máa ń mú wọn bínú, a sì pe ọ̀gbẹ́ni kan tó ń sin oyin. Ó ní àwọn tó ń wá ilé tuntun nìyẹn, wọ́n kàn ń sinmi ni, tí wọn ò bá tíì kọ́ afárá wọ́n lè lọ fúnra wọn. Ọjọ́ kejì lọ́wọ́ ọ̀sán, wọ́n gbéra lẹ́ẹ̀kan náà, igi ṣófo.

Lánlọ́ọ̀dù ti ń sọ báyìí pé òun fẹ́ fi íńtálọ́kì ká gbogbo ẹ̀yìnkùlé. Mo gbé elégédé méjì lọ bá wọn, mo kúnlẹ̀, a jọ sọ ọ́, wọ́n gbà pé kí ibi ẹ̀gbẹ́ fẹ́ńsì wà bẹ́ẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti rí ohun tó jẹ́ kí n fi abala kan sílẹ̀ láìtẹ́ ewé sí. Nísàlẹ̀ ògiri níbi tí oòrùn ti ń pa, ihò wẹ́wẹ́ kan wà bí ẹni fi bírò gún ilẹ̀, mo rò pé èèrà ni. Mo jókòó tì í lọ́jọ́ kan tí iná ò sí. Oyin tíntìnní kan wọlé síbẹ̀ pẹ̀lú ìyẹ̀fun yẹ́lò lẹ́sẹ̀, òun nìkan, kò ní ọ̀wọ́ kankan. Àṣé ọ̀pọ̀ irú wọn, inú ilẹ̀ ni wọ́n ń gbé. Mo ka ihò mẹ́sàn-án lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo sì ti fi igi mẹ́rin gún àyíká ẹ̀ kí àwọn ọmọ má baà gbá a.