Dúrọ́ọ̀mù Méjì Ni Mo Fi Ń Bẹ̀rẹ̀

Ó ti lé ní ọdún mẹ́wàá tí mo ti ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ní ọdún kejì wọn ní yunifásítì, níbi tí linear algebra (ìmọ̀ nípa mátíríìsì, ìyẹn àtẹ nọ́ńbà tó ní ìlà àti òpó) àti differential equations (ìṣirò bí nǹkan ṣe ń yí padà bí àkókò ti ń lọ) ti wà nínú iṣẹ́ kan ṣoṣo fún sáà kan. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ńṣe ni mo la sáà náà sí méjì bí obì: ọ̀sẹ̀ mẹ́fà fún mátíríìsì, ìyókù fún differential equations. Kí a tó dé ibi tí eigenvalue (nọ́ńbà láti inú mátíríìsì tí ó ń sọ bí nǹkan ṣe ń yára dàgbà tàbí dínkù) ti wúlò, ọ̀pọ̀ ti gbàgbé rẹ̀. Àwọn tí kò sì gbàgbé mọ bí a ṣe ń ṣírò rẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò mọ ohun tí a ń fi í ṣe. Èmi ni mo jẹ̀bi, kì í ṣe àwọn.

Ní ọdún tí mo yí ọwọ́ padà, mo ya dúrọ́ọ̀mù méjì sójú pátákó ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Omi lítà 100 wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, iyọ̀ kílò 8 wà nínú èkíní, kílò 2 sì wà nínú èkejì. Páìpù kan ń gbé lítà 10 ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan láti inú èkíní lọ sínú èkejì, òmíràn sì ń dá iye kan náà padà, bẹ́ẹ̀ ni a ń po omi náà dáadáa. Mo bi wọ́n pé iyọ̀ mélòó ni yóò wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Wọ́n kọ equation méjì sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí èyí tí ó ṣeé dá yanjú, nítorí pé wọ́n ti kọ́ ara wọn lọ́rùn. Mo dákẹ́. (Dídákẹ́ yìí le fún olùkọ́ ju ìṣirò lọ.) Nígbà tó yá, ọmọbìnrin kan láti ẹ̀yìn ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, tí a bá ro méjèèjì pọ̀ ńkọ́?" A rò ó pọ̀: kílò 10 ni, kò sì yí padà rárá. Mo ní kí wọ́n yọ èkejì kúrò nínú èkíní: ìyàtọ̀ náà, tí ó jẹ́ 6, ń dínkù bí e^(−0.2t) (t ni iye ìṣẹ́jú), tí ó fi ku nǹkan bí 0.8 lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Nítorí náà, nǹkan bí 5.4 àti 4.6 ni ìdáhùn. Ìgbà yẹn ni mo tó kọ mátíríìsì rẹ̀, tí mo sì fi hàn wọ́n pé 0 àti −0.2 ni eigenvalue rẹ̀, àti pé (1, 1) àti (1, −1), ìyẹn àpapọ̀ àti ìyàtọ̀ tí wọ́n ti fúnra wọn rí, ni eigenvector rẹ̀ (ìhà tí eigenvalue kọ̀ọ̀kan ti ń ṣiṣẹ́).

Ìmọ̀ràn mi fún ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ iṣẹ́ yìí ni pé kí ẹ jẹ́ kí àìní ṣáájú orúkọ. Àkókò kò ní tó, ẹ óò ní láti yọ nǹkan kan. Fífi ọwọ́ ṣírò determinant (nọ́ńbà kan ṣoṣo tí a ń rí láti inú mátíríìsì) fún mátíríìsì onílà mẹ́rin àti òpó mẹ́rin ni mo yọ, àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan sì bínú sí i, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà ń ṣe é. Ohun tí n kò jẹ́ yọ ni y″ + 2y′ + y = 0, nítorí pé ibẹ̀ ni àwọn ọmọ ti ń há òfin "fi t sọ ọ́ di púpọ̀" (láti rí ìdáhùn kejì) sórí láìmọ̀ pé eigenvector kan ṣoṣo tí mátíríìsì rẹ̀ ní ló fà á.

Títí di òní, nínú ìdánwò, a máa ń rí ẹni tí eigenvalue dúrọ́ọ̀mù rẹ̀ jẹ́ +0.2 dípò −0.2. N kì í fa ìlà pupa sí i. Mo máa ń kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé: "Ṣé iyọ̀ yìí ń bímọ ni?"