Àlejò orí dongóyárò wa

Ẹyẹ kékeré orí igi yìí, ẹ̀ga kọ́ o, ológoṣẹ́ náà kọ́. Àwọn oníbàárà mi tó ń jókòó de aṣọ lábẹ́ dongóyárò iwájú ṣọ́ọ̀bù mi ní Ọbáńtokò kò gbà, torí lójú tiwọn, gbogbo ẹyẹ kékeré ní Abẹ́òkúta, ẹ̀ga ni. “Bọ̀ọ̀dá, ẹyẹ lẹ tún ń wò, aṣọ mi ńkọ́?” Aṣọ ń bọ̀.

Ẹ wo ẹnu rẹ̀ ná. Ẹnu ológoṣẹ́ ki, torí hóró ló ń jẹ. Ti eléyìí tín-ín-rín, kòkòrò wẹ́wẹ́ àti aláǹtakùn ló ń ṣà lábẹ́ ewé, kì í sì í dúró sójú kan. Willow Warbler ni wọ́n ń pè é. Yúróòpù ló ti ń yé, tó ti ń pamọ. Tí òtútù bá ti ń bọ̀ níbẹ̀, tí kòkòrò sì fẹ́ wọ́n, á sọdá aṣálẹ̀ Sàhárà wá bá wa, ẹyẹ tí ìwọ̀n rẹ̀ ò ju nǹkan bíi gíráàmù 10 lọ! Láti bí Oṣù Kẹwàá títí wọ Oṣù Kẹrin ni kí ẹ máa fojú sílẹ̀.

Ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ ewé tí kò tàn, àyà rẹ̀ ní àwọ̀ ìyeyè fẹ́ẹ́rẹ́, ìlà kan tó mọ́ sì gba òkè ojú rẹ̀ kọjá. Ẹsẹ̀ rẹ̀ sábà máa ń pọ́n rúsúrúsú. Ìbátan rẹ̀ tó jọ ọ́ jù, Chiffchaff, ẹsẹ̀ dúdú ló ní, púpọ̀ nínú wọn kì í sì í kọjá Sàhẹ́lì, ilẹ̀ gbígbẹ tó wà ní gúúsù Sàhárà.

Ẹni tó máa tàn yín jẹ níbí ni Camaroptera, ọmọ onílé. Apá tiẹ̀ náà jẹ́ àwọ̀ ewé, ṣùgbọ́n àyà rẹ̀ jọ eérú, ó máa ń na ìrù sókè, ìsàlẹ̀ inú igbó ló fẹ́ràn, á sì máa ké bí ọmọ ewúrẹ́. Igbe àlejò wa kò le tó bẹ́ẹ̀: “hù-ít”, dò-mí, ó ń gòkè. Orin rẹ̀ ló ń sọ̀ kalẹ̀ ní tiẹ̀. Mo máa ń gbọ́ ọ tí ìgbà àtilọ bá ti ń sún mọ́.

Kó tó padà, á pààrọ̀ gbogbo ìyẹ́ ara rẹ̀ pátá, bẹ́ẹ̀ ó ti pààrọ̀ wọn nílé lẹ́yìn tó pamọ tán. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún! Irú oníbàárà tí mò ń wá nìyẹn.