Àdàbà Grenada: etí la fi ń ka ẹyẹ tó ń fẹsẹ̀ rìn

Àdàbà tí a mọ̀ ní Òṣogbo kì í fi bẹ́ẹ̀ sá fún èèyàn: á ké lórí òrùlé, á sọ̀ kalẹ̀ wá ṣa ọkà níwájú ilé. Ti Grenada kò rí bẹ́ẹ̀. Erékùṣù Grenada ní Karíbíà nìkan ló wà ní gbogbo ayé, inú igbó gbígbẹ tó sún mọ́ etíkun ló ń gbé, ilẹ̀ ló sì ti ń jẹun. Gígùn rẹ̀ tó nǹkan bí 30 sẹ̀ǹtímítà. Ẹ̀yìn rẹ̀ jọ ewé tó ti gbẹ, ikùn rẹ̀ funfun. Bó bá dúró jẹ́ẹ́, ẹ ó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ láìrí i.

Akọ máa ń ké "huù" ẹyọ kan, ohùn náà á máa lọ sílẹ̀, á tún ké lẹ́yìn nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 7 tàbí 8. Àárọ̀ kùtùkùtù ni kí ẹ lọ, nígbà tí atẹ́gùn ò tíì le. Kí ẹni méjì dúró níbi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí kálukú fi kọ́ńpáàsì mọ ibi tí ohùn ti wá. Ibi tí ìlà méjèèjì bá ti pàdé lórí máàpù ni ẹyẹ wà. Ẹni kan ṣoṣo sábà máa ń ka akọ kan lẹ́ẹ̀mejì, torí ó ń rìn bó ṣe ń ké. Bí ibì kan bá sì dákẹ́ lọ́jọ́ kan, ẹ má tíì kọ òdo sílẹ̀, ẹ padà lọ. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ etí rẹ̀ lè fi àwọn àdàbà inú igbó Ọ̀ṣun bẹ̀rẹ̀.

Akọ tí wọ́n bá gbọ́ ni wọ́n ń sọ di méjì láti fi mọ iye gbogbo ẹyẹ. Kí ìjì Ivan tó jà ní oṣù Kẹsàn-án 2004, iye wọn tó nǹkan bí 180. Ní 2007, akọ 68 ni wọ́n kà, èyí túmọ̀ sí 136.

Ìjì nìkan kọ́ ló fà á tí wọ́n fi dín kù o. Eku, ológbò àti mongoose ń dọdẹ wọn. Mongoose yìí, ẹranko kékeré tó ń pẹran jẹ, ni wọ́n kó wá nígbà oko ìrèké kó lè máa pa eku. Èyí tó dùn wá jù ni igbó Mount Hartman fúnra rẹ̀, ọ̀kan lára ibi tí àdàbà yìí ń gbé ní Grenada. Ojú ìgbẹ́ lásán ni ọ̀pọ̀ fi ń wò ó, ó sì sún mọ́ òkun, ilẹ̀ tí àwọn akọ́lé ń wá gan-an nìyẹn. Bí wọ́n bá ṣán igbó kéékèèké abẹ́ igi kí ibẹ̀ lè rí bí ọgbà ìgbafẹ́, igi á ṣì dúró, ṣùgbọ́n àdàbà ò ní rí ibi sá pamọ́ sí mọ́.