Ìró ẹ́ńjìnnì hatchback asáré: èyí tó yẹ kó dún àtèyí tí kò yẹ

Ọkọ̀ tó ń bú ramúramù kọ́ ló lágbára. Níbi tí wọ́n ti ń ta tòkunbọ̀ ní Ìkòròdú, láti Agric títí dé Odògùnyàn, kò ṣọ̀wọ́n kí ẹ rí Volkswagen Golf GTI, hatchback asáré (ọkọ̀ tí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn rẹ̀ ń ṣí tòun ti gíláàsì), tí wọ́n ti yọ kátálíìsì (ohun tó ń fọ èéfín ẹ́ńjìnnì) rẹ̀ tà nítorí platinum àti palladium inú rẹ̀, tí wọ́n wá jó páìpù ṣófo sípò rẹ̀. Ariwo yẹn ni ẹni tó ń tà á á máa pè ní "sport". Sàlẹ́ńsà ló ń dún níbẹ̀, kì í ṣe ẹ́ńjìnnì, ó sì máa ń bo ìró tó yẹ kí ẹ gbọ́ mọ́lẹ̀. Ẹ bẹ abẹ́ ọkọ̀ wò. Lẹ́yìn náà, ẹ yí kọ́kọ́rọ́ sí ON láì sítáàtì: iná ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, kó sì kú tí ọkọ̀ bá ti sítáàtì. Tí kò bá tàn rárá, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti pa á kó má bàa fi àìsí kátálíìsì hàn.

Sítáàtì àkọ́kọ́ tí ẹ́ńjìnnì ṣì tutù ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Ẹ sọ fún wọn tẹ́lẹ̀ pé kí wọ́n má tan ọkọ̀ kí ẹ tó dé. Tí ẹ bá gbọ́wọ́ lé bónẹ́ẹ̀tì tó sì ti ń lọ́ wọ́ọ́rọ́, ẹ máa lọ, ẹ padà wá láàárọ̀ ọjọ́ mìíràn. Ẹ fa gééjì ọ́ìlì yọ pẹ̀lú. Golf 6 GTI ń lo ọ́ìlì 5W-40; tí ọ́ìlì orí gééjì bá ki bí oyin, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti da 20W-50 tó ki jù bẹ́ẹ̀ lọ sí i kí ìró burúkú lè dákẹ́ títí ẹ ó fi sanwó. Kí ẹlòmíràn bá yín sítáàtì, kí ẹ̀yin dúró síwájú bónẹ́ẹ̀tì tó ṣí sílẹ̀, láì sí rédíò, láì sí AC.

Golf 6 GTI ni kí ẹ fetí sí jù. Timing chain, ìyẹn ṣéènì tó ń mú kí fáàfù ṣí lásìkò tó yẹ, ló ń lò, agbára ọ́ìlì ló sì ń ti tensioner tó ń fa ṣéènì náà le. Tí ọkọ̀ bá sùn mọ́jú, ọ́ìlì á ti ṣàn padà sísàlẹ̀. Ní ìṣẹ́jú-àáyá méjì sí mẹ́ta àkọ́kọ́, tí ẹ bá gbọ́ ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ́ lápá ibi tí bẹ́líìtì ìta ẹ́ńjìnnì wà, tensioner ti ń jọ̀wọ́ ara rẹ̀ nìyẹn. Ọjọ́ tó bá já ṣéènì sílẹ̀, fáàfù á lọ kọlu písítìn, odidi ẹ́ńjìnnì ló sì lọ. Èmi ò ní bá wọn ná irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀. Bí kò bá dún náà, ẹ jẹ́ kí mẹkáníìkì yọ rọ́bà kékeré ara ìdérí ìsàlẹ̀ ṣéènì, kó fi tọ́ọ̀ṣì wo bí tensioner ṣe yọ tó. Mini Cooper S ọdún 2007 sí 2010 ní irú àìsàn kan náà.

Ọ̀pọ̀ Golf 5 GTI yàtọ̀: bẹ́líìtì ló ń lò níwájú dípò ṣéènì, àmọ́ ó ní cam follower, ìdérí kékeré kan láàárín camshaft (ọ̀pá tó ń ṣí fáàfù) àti pọ́ńpù epo. Èyí kì í sábà dún kó tó bàjẹ́ tán, etí kò ràn án. Bóòtù mẹ́ta ló di pọ́ńpù náà mú. Ẹ tú u, ẹ wo ojú follower: dúdú ló yẹ kó jẹ́. Tó bá ti di fàdákà, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Tó bá ti lu, ó ti ń jẹ camshaft.

Ẹ má sì jẹ́ kí tíkítíkí tó ń dún léraléra bí ẹ̀rọ ìránṣọ kó ìpayà bá yín lára Golf méjèèjì. Injector, ohun tó ń fín epo sínú ẹ́ńjìnnì, ni; bó ṣe yẹ kó dún nìyẹn. Ti Golf 7, ohun kan wà lábẹ́ gíláàsì iwájú tó ń gbọ̀n kí inú ọkọ̀ lè kún fún ìró, nítorí náà ìta ni kí ẹ ti gbọ́ ọ.

Toyota Matrix XRS ti 2003 sí 2006 ní tirẹ̀ gbọ́dọ̀ yí ohùn padà. Ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kó gbóná dáadáa, kí ẹ gbé e jáde sójú ọ̀nà Ìtóìkín níbi tí ọkọ̀ kò ti pọ̀, kí ẹ fi gíà kejì tẹ̀ ẹ́ kọjá 6,200 RPM (iye ìgbà tí ẹ́ńjìnnì ń yí ní ìṣẹ́jú kan). Ohùn á ṣàdédé le, ọkọ̀ á sì fò síwájú. Tí kò bá yí, lift bolt (bóòtù inú ẹ̀rọ tó ń ṣí fáàfù sókè sí i) ti jẹ tàbí ọ́ìlì kò tó. Ẹ wo ìdérí ẹ́ńjìnnì: VVTL-i, orúkọ ẹ̀rọ tó ń yí ohùn yẹn padà, ló yẹ kó wà níbẹ̀, tó bá jẹ́ VVT-i, wọ́n kàn lẹ orúkọ XRS mọ́ Matrix lásán ni. Ti 2009 sókè, ẹ́ńjìnnì 2.4 ló ní, ẹ má retí ìyípadà yẹn.

Kọ̀, kọ̀, kọ̀ tó wúwo láti ìsàlẹ̀, tó ń pọ̀ sí i bí ọ́ìlì bá ṣe ń gbóná, bíárínì conrod (ọ̀pá tó so písítìn mọ́ crankshaft, ọ̀pá tó ń yí nísàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì) ni. Ẹ yọ wáyà kọ́ìlì lọ́kọ̀ọ̀kan fún ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀. Èyí tí ìró náà bá rọ̀ nígbà tí ẹ yọ ọ́ ni sìlíńdà tó ń dún kọ̀ kọ̀. Tíkí tó ń dún ní títutù, tó ń pòórá bí ọkọ̀ bá ti gbóná, gásíkẹ́ẹ̀tì manifold (páìpù tó ń gba èéfín jáde lára ẹ́ńjìnnì) tó ń tú afẹ́fẹ́ ni lọ́pọ̀ ìgbà, kò wọ́n.

Táábò, ẹ̀rọ tó ń ti afẹ́fẹ́ wọ ẹ́ńjìnnì, máa ń súfèé díẹ̀. Tó bá ń ké bíi sáírínì, ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ yọ páìpù afẹ́fẹ́, ẹ fi ìka ti ọ̀pá àárín: ó lè mì díẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, kò gbọdọ̀ wọlé-jáde.

Fún ọkọ̀ oníkílọ́ọ̀ṣì (clutch): ìró tó dákẹ́ nígbà tí ẹ tẹ kílọ́ọ̀ṣì, inú gíà tàbí flywheel (àwo wúwo tó wà láàárín ẹ́ńjìnnì àti gíà) ló ti wá. Èyí tó bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ẹ tẹ̀ ẹ́, release bearing (bíárínì tó ń tú kílọ́ọ̀ṣì sílẹ̀) ni. Ẹ yọ owó rẹ̀ àti ti iṣẹ́ sísọ gíà kalẹ̀ kúrò nínú iye tí ẹ fẹ́ san.